Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín: ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ FDA tí ń ṣe kòkárí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Humacyte ṣe, tí wọ́n sọ ní Symvess. Inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn ni wọ́n ti hù ú. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára ẹni tó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tọrẹ, wọ́n tọ́ ọ lórí ohun kan tí ń yọ́ fúnra rẹ̀, nígbà tí ògiri iṣan náà sì gbó tán, wọ́n fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀ kí ara ẹni tí wọ́n bá fi sí má baà bá a jà. Àgbàlagbà tí ìbọn tàbí jàǹbá mọ́tò ba iṣan ńlá apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, tí kò sì sí iṣan tirẹ̀ tí wọ́n lè fi rọ́pò, ni wọ́n ṣe é fún.

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa n'Íbàdàn, ìbéèrè tó sì tẹ̀lé e kò yà mí lẹ́nu. Ìlú tí ọjà pákó Bódìjà wà ni ìlú wa, tí ẹ̀rọ ìlọta ń dún ní àdúgbò gbogbo, tí ọ̀kadà ń sáré láti Mọ́kọ́lá dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ó ṣòro kí èèyàn gbé ibí pẹ́ kó má mọ ẹnì kan tí ẹ̀rọ ti gé ìka rẹ̀. Ṣé iṣan tuntun yìí yóò jẹ́ kí wọ́n lè máa rán irú ìka bẹ́ẹ̀ padà?

Rárá o. Fífẹ̀ inú Symvess jẹ́ mílímítà 6. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ìka àgbàlagbà kò ju bíi mílímítà 1 lọ, bó bá sì ti ń sún mọ́ orí ìka ni ó ń kéré sí i títí yóò fi dín ní ìdajì mílímítà. Ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín 6 àti 1, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bí dókítà bá ti lè so iṣan méjì pọ̀, iṣẹ́ bùṣe. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa wo ojú ìrán náà sàn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù nínú ìwòsàn ọ̀hún, wọ́ọ̀dù ni aláìsàn sì ti ń lò ó, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹbí, lẹ́yìn tí ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú ti lọ sinmi.

Ìdí tí kékeré fi le ju ńlá lọ

Bí fífẹ̀ inú ọ̀pá kan bá dín kù sí ìdajì, tí ohun gbogbo yòókù sì wà bó ṣe wà, ohun tí yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá kò ní dín kù sí ìdajì. Yóò dín kù sí ìdá kan nínú 16. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ náà fún ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan. Nínú iṣan ńlá itan, bí ẹ̀jẹ̀ bá dì díẹ̀ mọ́ ara ògiri, èyí tó kù ń rí ọ̀nà gbà. Nínú iṣan ìka, ẹ̀jẹ̀ dídì tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti dí i pa.

Ẹ wo òwú tí wọ́n fi ń rán an náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 10-0 kò nípọn ju 0.02 sí 0.03 mílímítà lọ, irun orí èèyàn sì nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ojú abẹ́rẹ́ 6 sí 8 ni wọ́n sábà máa ń fi yí iṣan mílímítà 1 ká, lábẹ́ máíkírósíkóòpù, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo bá ṣèèṣì mú ògiri iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Ó pẹ́ kí ọmọ aráyé tó dé ibẹ̀. Lọ́dún 1894, wọ́n fi ọ̀bẹ gún Sadi Carnot, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní ìlú Lyon. Ọ̀bẹ náà gé iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀, kò sí dókítà tó mọ bí a ṣe ń rán irú iṣan bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ààrẹ sì kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú yẹn, Alexis Carrel, kò gbà pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá obìnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, Madame Leroudier, pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lo abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tí ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ sí ọrùn agbádá rí mọ̀ pé ibi tó yẹ ló lọ. Ní 1902 ó tẹ ọ̀nà tirẹ̀ jáde, ní 1912 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Àmọ́ iṣan ńlá ni Carrel ń rán. Ó di 1960 kí Julius Jacobson àti Ernesto Suarez ní ìpínlẹ̀ Vermont, l'Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n lè so iṣan tí kò ju mílímítà 1.4 lọ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ sì máa gba inú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1965, Komatsu àti Tamai rán àtàǹpàkò tó gé pátápátá padà sí ọwọ́ aláìsàn kan ní Nara, lórílẹ̀-èdè Japan, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀. UCH, ilé ìwòsàn ńlá wa n'Íbàdàn níbí, ti ṣílẹ̀kùn fún bí ọdún mẹ́jọ nígbà náà.

Láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀

Ìpele mẹ́ta ni ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ní. Ti òde jẹ́ awọ tó rọ̀, tó ní fọ́nrán. Bí fọ́nrán rẹ̀ bá yọ wọ inú ojú ìrán, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń gé e kúrò létí méjèèjì kó tó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ti àárín jẹ́ ẹran líle tí ń fún iṣan pọ̀ tí ó sì ń tú u sílẹ̀. Bí òtútù, ìrora tàbí ìfọwọ́kàn bá dẹ́rù bà á, ó lè fún pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ti inú pátápátá kò ju sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan lọ ní nínípọn, síbẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni wọ́n ń tú èròjà jáde tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Níbi tí wọ́n bá wà láìfarapa, ẹ̀jẹ̀ ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti bó, ohun tí ẹ̀jẹ̀ rí ni ọgbẹ́, ohun tó sì mọ̀ láti ṣe fún ọgbẹ́ ni kó dì.

Kò sí dókítà tó lè rán iṣan kó má ṣe awọ inú yìí léṣe. Abẹ́rẹ́ ń lu ú, irin tí wọ́n fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró ń tẹ̀ ẹ́, òwú fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àjèjì nínú rẹ̀. Nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n bá ti tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn plátílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́, á ti lẹ̀ mọ́ ojú ìrán àti òwú. Gbogbo ìrán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó dára jù lọ pẹ̀lú. Ohun tó máa pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó. Bó bá ń sáré dáadáa, plátílẹ́ẹ̀tì yóò wà ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sì ṣàn lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bó bá ń falẹ̀, okùn ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta láàárín wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á há sínú okùn náà, ọ̀nà á sì dí.

Èyí ni ìdí tí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fi ń ka wákàtí 72. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣan tó máa dí ti ń dí. Iṣan àlọ, tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ọkàn, sábà máa ń dí láàárín ọjọ́ kìíní bó bá máa dí rárá. Iṣan àbọ̀, tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, ló ń dí jù, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ń rọra rìn. Ọ̀pọ̀ ìka tí wọ́n rán padà tó sì kú ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà wọlé, kò rí ọ̀nà jáde.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún, awọ fẹ́lẹ́ kan á ti bo òwú mọ́lẹ̀. Kò tíì jẹ́ awọ gidi, ó kàn ń dáàbò bo ibẹ̀ fúngbà díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ inú tòótọ́ á ti máa wọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí wọn yóò fi pàdé lórí ojú ìrán. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ mọ́ pé wọ́n rán ibẹ̀ rí. Òwú náà kì í kúrò níbẹ̀ nítorí náílọ́ọ̀nù ni, kì í yọ́. Ẹran àárín kì í sì hù padà tán ní ojú ìrán, àpá ló ń di ìyẹn. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn iṣan tó kéré ju gbogbo èyí lọ ń hù gba etí awọ ara kọjá láti ọwọ́ sínú ìka, kò sì sẹ́ni tó rán wọn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn náà ti ń ran ìka lọ́wọ́.

Nígbà tí iṣan méjì kò bá kan ara wọn

Ayùn tó mú gé ìka ní tààrà, ìyẹn sì sàn. Okùn ẹ̀rọ ìlọta ń fà á ni, ó ń yí i, ó ń já a. Nígbà tó bá já, iṣan inú rẹ̀ ti fà gùn kọjá bó ṣe yẹ, awọ inú rẹ̀ sì ti ya kọjá ibi tí ojú rí ọgbẹ́ dé. Bí dókítà bá rán etí tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, yóò dí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní láti máa gé iṣan náà sẹ́yìn títí yóò fi dé ibi tó dára, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀. Bó bá fipá fa etí méjèèjì kí wọ́n lè pàdé, ojú ìrán á ya.

Ibí ni iṣan àfirọ́pò ti wúlò. Wọ́n á gé iṣan àbọ̀ kékeré kan níwájú apá nítòsí ọrùn ọwọ́, tàbí lẹ́yìn àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tí ara kò ti ní mọ̀ ọ́n lára pé ó ti lọ, wọ́n á sì fi dí àlàfo náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n tó rán an mọ́bẹ̀, nítorí iṣan àbọ̀ ní ilẹ̀kùn kéékèèké nínú tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá yí i padà, ilẹ̀kùn ọ̀hún á tì mọ́ ẹ̀jẹ̀ lójú.

Ohun tí ojú iṣan yìí yóò rí kò kéré. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹni tó ni ín, ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára ló ti ń gba inú rẹ̀. Lójijì, agbára tó lé ní ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Lára awọ inú rẹ̀ á bó láàárín wákàtí mélòó kan, plátílẹ́ẹ̀tì á dé, awọ tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù, sẹ́ẹ̀lì ẹran àárín á ṣí lọ sí inú, wọ́n á pọ̀ sí i, ògiri á sì nípọn. Ó yẹ kó nípọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣan àbọ̀ ṣe ń kọ́ láti ṣiṣẹ́ iṣan àlọ. Ìṣòro wà níbi tí nínípọn náà kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ògiri á máa wú sínú títí ọ̀nà á fi há. Lára àwọn tí wọ́n fi iṣan ẹsẹ̀ ṣe ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ ọkàn, èyí wà lára ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù láti oṣù kìíní dé ọdún kìíní. Ti ìka sàn díẹ̀. Iṣan àfirọ́pò rẹ̀ kúrú, bó bá sì la ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kọjá, àwọn iṣan tuntun tó ń hù ní etí awọ á ti wá ràn án lọ́wọ́.

Kí ló dé tí wọn kò kàn ṣe ọ̀pá kékeré kan kí wọ́n fi sí i? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi aṣọ Dacron, àti lẹ́yìn náà irú ike kan tí ń jẹ́ ePTFE, ṣe iṣan, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú iṣan ńlá ikùn àti ti itan. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ sí mílímítà 6, ó ń dí jù. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ jọ mí lójú púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹranko tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, sẹ́ẹ̀lì awọ inú máa ń wọ́ láti etí méjèèjì títí yóò fi bo ọ̀pá náà délẹ̀. Nínú èèyàn, kì í ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ kó tó dúró, àárín ọ̀pá náà á sì wà ní ìhòòhò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ṣiṣẹ́ lára ẹranko já ọ̀pọ̀ olùwádìí kulẹ̀ nígbà tó dé ara èèyàn. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń wá iṣan bíi Symvess, ògiri tó ṣófo tí sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ gbé. Síbẹ̀síbẹ̀, ìkìlọ̀ tó le jù lọ ni FDA lẹ̀ mọ́ ọn, pé ó lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú rẹ̀. Tí mílímítà 6 bá le tó báyìí, ẹ lè fojú inú wo ti mílímítà 1. Títí di ìsinsìnyí, iṣan tí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbé wá láti ilé ló ṣì dára jù fún ìka.

Láti Bódìjà dé tíátà iṣẹ́ abẹ

Ìka tó gé bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ẹni tó ni ín tó dé ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí nínú òtútù, wákàtí 6 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bó bá wà ní tútù, ó lè tó wákàtí 24. Apá tàbí ọwọ́ tó ní ẹran púpọ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀: bíi wákàtí 6 ni tirẹ̀, nítorí ẹran kì í fara da àìrí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú mọ̀ ọ́n. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ìdọ̀tí kúrò lára ìka náà jẹ́jẹ́, ẹ má fi nǹkan họ ọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ tó mọ́, tí ẹ rẹ tí ẹ sì fún, wé e. Ẹ fi sínú láílọ́ọ̀nù tó mọ́, ẹ dì í lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé láílọ́ọ̀nù yẹn sórí omi dídì tó wà nínú omi, irú èyí tí ẹ lè rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ta omi tútù. Omi dídì kò gbọ́dọ̀ kan ẹran ìka, yóò pa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má da epo mọ́tò tàbí ọtí sí i, ẹ má fi egbòogi lẹ̀ ẹ́. Ní ti ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má fi okùn tàbí rọ́bà so ó. Gbogbo èyí tó bá gé ni kí ẹ kó lọ, bó tilẹ̀ ti run. Ìka tí kò ṣeé rán padà lè ní awọ tàbí iṣan tí dókítà máa fi tún èyí tó kù ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ìka ló yẹ kí wọ́n rán padà, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfi bò. Àtàǹpàkò, ìka ọmọdé, àti ìka púpọ̀ tó gé lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń sa gbogbo ipá lé lórí. Fún bíríkìlà tó gé ìka kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ni ilé rẹ̀ máa jẹ, dídí ojú ọgbẹ́ lè jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Rírán an padà lè gba oṣù gbọọrọ àti iṣẹ́ abẹ méjì tàbí mẹ́ta, kí ìka náà sì tún le gan-an débi pé kò ní ṣeé ká dáadáa. Dókítà tó bá sọ èyí fún yín kò fẹ́ yín ní ibi.

Lórí ibùsùn

Fún ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ìka náà ní wákàtí wákàtí, tọ̀sán tòru. Ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ fún aláwọ̀ funfun sọ pé kí nọ́ọ̀sì máa wo àwọ̀ ara. Lára wa, abẹ́ èékánná àti inú ìka níhà àtẹ́lẹwọ́ ni kí ó wò. Ó máa tẹ̀ ẹ́, á funfun, bó bá sì jù ú sílẹ̀, ó yẹ kó pọ́n padà láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Bó bá pẹ́ kó tó pọ́n, tí ìka tutù, tó sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò wọlé. Bó bá pọ́n padà wìnnì, tí ìka wú, tó dúdú bí ẹni fẹ́ di elése àlùkò, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Méjèèjì jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gbé aláìsàn padà sí tíátà kí wọ́n sì tún ojú ìrán ṣe. Bó bá fi wákàtí púpọ̀ kọjá, àwọn iṣan wíwẹ́wẹ́ inú ìka á wú débi pé bí wọ́n tilẹ̀ ṣí ọ̀nà ńlá, ẹ̀jẹ̀ kò ní wọ inú wọn mọ́.

Níbi tí iṣan àbọ̀ bá ti dí tí kò sì ṣeé tún rán, eṣúṣú ṣì ń gba ìka là. FDA fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí ní 2004. Eṣúṣú á fa ẹ̀jẹ̀ tó há, itọ́ rẹ̀ á sì jẹ́ kí ojú ibi tó bù jẹ máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, títí ara á fi hu iṣan àbọ̀ tuntun láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Inú odò wa kọ́ ni wọ́n ti ń mú irú rẹ̀ o. Èyí tí wọ́n sìn fún ilé ìwòsàn ni, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Yàrá náà gbọ́dọ̀ móoru. Nínú èyí, ojú ọjọ́ Ìbàdàn bá wa ṣe, àyàfi tí ọyẹ́ bá dé tàbí tí ẹnì kan bá tan ẹ̀rọ amúlétutù sí aláìsàn lórí. Sìgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá, tirẹ̀ tàbí ti àlejò, nítorí èròjà inú tábà ń fún iṣan pọ̀. Aṣáà kò yàtọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ dókítà sì máa ń ka kọfí léèwọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èròjà kan náà tó wà nínú kọfí sì wà nínú obì, nítorí náà kí ìyá tó fẹ́ gbé obì wá fún ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e dé tíátà. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti tó ni sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ti ń tẹ̀ kọrọdọ, ìka tó ti wà láìrí ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ sì jẹ́ irú ibẹ̀ gan-an.

Ìmọ́lẹ̀ wà lára ìtọ́jú náà. Ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n gé iná UCH nítorí gbèsè owó iná, ó sì lé ní 100 ọjọ́ kó tó padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi jẹnẹrétọ̀ àti iná sólà ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́ èékánná pọ́n tàbí ó ti ń dúdú ní aago mẹ́ta òru, kí ni yóò fi wò ó? Inú mi kò dùn sí i nígbà náà, kò sì dùn sí i títí di òní, pé a lè jiyàn lórí bílù iná ilé ìwòsàn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Owó tún wà níbẹ̀. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, èyí tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Òfin 2022 tó dá àjọ NHIA sílẹ̀ sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, òfin 2010 sì ti sọ pé kí wọ́n máa san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ti pákó sẹ́nu ayùn ní Bódìjà kò fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àjọ kankan. Òun gan-an sì ni ẹ̀rọ máa ń mú.

Ohun kan wà tí kò wọ́n, tí mo sì fẹ́ kó pọ̀ sí i. Ọwọ́ tó ń rán iṣan mílímítà 1 kì í dédé mọ̀ ọ́n, ó ní láti fi nǹkan kọ́ra. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, iṣan inú itan adìẹ tí wọ́n rà lọ́jà ni àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé orí eku tí wọ́n kùn lóorun. Iṣan adìẹ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìka èèyàn lọ. Adìẹ kò wọ́n wa n'Íbàdàn. Máíkírósíkóòpù àti òwú ló wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn tó kàwé jáde, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tó bá ń wá ohun tí wọ́n máa fi ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ èyí tí wọ́n nílò.

Ẹni tí ìka rẹ̀ bá wá yè, kó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé. Okùn ìmọ̀lára, tí wọ́n rán pẹ̀lú rẹ̀, kì í hù ju bíi mílímítà 1 lọ lójúmọ́, nítorí náà oṣù púpọ̀ lè kọjá kó tó mọ̀ bóyá ohun tí òun di mú gbóná tàbí ó tutù. Láàárín ìgbà yẹn, ó lè fi ìka náà kan ìkòkò gbígbóná láìmọ̀. Òtútù á máa dùn ún níbẹ̀ gan-an, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Nígbà ọyẹ́, kó fi ìbọ̀wọ́ bò ó, kó má sì jáwọ́ nínú eré ìdárayá ìka tí wọ́n bá kọ́ ọ.